Àga Méjì Nídìí Tábìlì Kan

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Àbújá, kó má kọ́kọ́ lọ sí Maitama. Kó lọ dúró sí Nyanya ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìdájí. Ibẹ̀ ni ìlú ti ń wọlé. Wọ́n ń bọ̀ láti Mararaba àti Karu, káàdì ọ́fíìsì lọ́rùn, oúnjẹ ọ̀sán nínú báàgì. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń sùn ní ìpínlẹ̀ Nasarawa tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, nítorí owó ilé. Ìdájí ni wọ́n ń wọlé, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jáde, bí àlejò nínú ìlú tí àwọn gan-an ń gbé ró. Bí mo bá rí wọn, ọkàn mi a lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó fi ìdajì ayé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórúkọ irú wọn, tó di gómìnà Edo, tó di alága ẹgbẹ́ òṣèlú, tó sì di sẹ́nétọ̀. Adams Oshiomhole ni. Àwọn àkọsílẹ̀ kéékèèké tí mo ti ń kó jọ nípa rẹ̀ àti nípa àwọn tó rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nìwọ̀nyí.

*

Pápá Eagle Square l'Àbújá kì í yan ẹni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń yan kọjá níbẹ̀, pẹ̀lú fìlà àti àsíá. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2018, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ òṣèlú APC ti fi Oshiomhole jẹ alága àpapọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ibẹ̀ náà ni Ààrẹ Tinubu ti búra, tó sì kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Orí ilẹ̀ kan náà ni òṣìṣẹ́ ti ń bèèrè, tí olóṣèlú ti ń gba oyè, tí ìjọba sì ti ń fi nǹkan lélẹ̀. Ohun tó ń yí padà níbẹ̀ kò ju ẹni tó di makirofóònù mú lọ.

*

Ilé àwọn òṣìṣẹ́, olú-iléeṣẹ́ NLC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, kò jìnnà sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Bí kò bá sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, takisí kò ní pẹ́ débẹ̀. Oshiomhole fi àga ààrẹ NLC sílẹ̀ ní 2007. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ló tó búra gẹ́gẹ́ bíi sẹ́nétọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi rin ìrìn kékeré yẹn, nítorí pé ó gba ilé ìjọba Edo ní Bìní kọjá.

Pascal Bafyau ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé náà. Òun náà ti jẹ ààrẹ NLC, òun náà sì wo ọ̀nà òṣèlú. Ní 1993, orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ń dá pé kó ṣe igbákejì fún Olóyè MKO Abíọ́lá nínú ìbò ààrẹ. Babagana Kingibe ni ipò náà já mọ́ lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá wọ ilé àwọn òṣìṣẹ́ ní Àbújá, abẹ́ orúkọ ẹni tó fẹ́ sọdá tí kò rí ọ̀nà ló gbà wọlé.

*

Ní 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, wọ́n sì lé e lọ sí Auchi, pé kó lọ jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1945, Èkó tú jáde lọ pàdé rẹ̀. Oṣù kan kò pé lẹ́yìn náà tí ìyanṣẹ́lódì ńlá fi bẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ náà wọ Hubert Ògúndé lára tó bẹ́ẹ̀ tó fi ṣe eré kan lé e lórí, *Strike and Hunger*.

Ọmọ Ora ni Imoudu. Iyamho, nítòsí Auchi, ni wọ́n bí Oshiomhole sí ní 1952. Ìlú méjèèjì wà lábẹ́ Àríwá Edo, ẹkùn tí Oshiomhole ń ṣojú fún nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Imoudu kú ní 2005, lẹ́yìn tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Oshiomhole ló wà lórí àga ààrẹ NLC nígbà náà. Orúkọ Imoudu ni wọ́n sì fi sọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni nípa ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tó wà ní Ìlọrin.

*

Kàdúná ni Oshiomhole ti bẹ̀rẹ̀, ní iléeṣẹ́ aṣọ híhun Arewa Textiles. Níbẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yàn án pé kó máa bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ní 1975, iṣẹ́ ẹgbẹ́ di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ó lọ sí Ruskin College ní Oxford, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ọ̀nà yunifásítì ti dí mọ́. Nígbà tó fi di 1982, ó ti di akọ̀wé àgbà fún ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ híhun àti aṣọ rírán ní gbogbo Nàìjíríà.

Àkàbà tó gùn yẹn ti wó. Kaduna Textiles ti ìlẹ̀kùn ní 2002. United Nigerian Textiles tẹ̀ lé e ní 2007, ọdún tí Oshiomhole fi NLC sílẹ̀ gan-an. Ẹ sì wo àwọn tó jókòó sórí àga náà lẹ́yìn rẹ̀: Abdulwahed Omar wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́, Ayuba Wabba láti ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, Joe Ajaero láti ìdí iṣẹ́ iná mànàmáná. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó wá láti ìdí ẹ̀rọ ìhunṣọ. Ariwo ẹ̀rọ ló kọ́ Oshiomhole láti gbé ohùn sókè. Ẹ̀rọ náà ti dákẹ́.

*

Kakí. Nígbà tí àwọn gómìnà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ká apá agbádá sókè, kakí ló ń wọ̀, ṣòkòtò àti ẹ̀wù àwọ̀ kan náà, lọ́sàn-án, lálẹ́, nípàdé, ní ìpolongo. Gómìnà Kọ́múréèdì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ti ìdí aṣọ bẹ̀rẹ̀ ayé mọ̀ pé aṣọ máa ń sọ̀rọ̀ kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n kakí kò lè dáhùn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: bí òṣìṣẹ́ bá di agbanisíṣẹ́, ṣé aṣọ iṣẹ́ ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ ni àbí aṣọ eré?

*

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2000, ìjọba Ọbásanjọ́ gbé owó jálá epo bẹntiróòlù láti náírà 20 lọ sí 30. NLC da iṣẹ́ sílẹ̀, owó náà sì já sí 22. Ní 2003, wọ́n tún gbé e láti 26 lọ sí 40. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan, ó dúró sí 34. Nínú náírà 10 ti àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ gba 8 padà. Nínú náírà 14 ti èkejì, 6 péré ló rí gbà. Kò sí ìgbà kan tí owó epo padà sí ojú rẹ̀ àná.

Àwọn kan ń bínú nígbà náà pé Oshiomhole tètè ń fọwọ́ sí ìwé. Wọn ò rántí pé ọjà nínà ni iṣẹ́ olórí òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń ná ọjà kì í retí kí wọ́n fi ẹrù ta òun lọ́rẹ. Ó mọ iye tí òun yóò kọ́kọ́ pè, ó mọ ìgbà tí òun yóò ṣe bí ẹni ń lọ, ó sì mọ ìgbà tí òun yóò yí padà. Bí a bá wò ó báyìí, ọkùnrin náà ti ń ṣe òṣèlú tipẹ́ kó tó gba káàdì ẹgbẹ́ kankan.

*

Pápákọ̀ òfuurufú Àbújá ní ìtàn tirẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì mìíràn ń bọ̀, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ti gbá Oshiomhole mú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti mú Joe Ajaero, ààrẹ NLC, nígbà tó ń lọ sí ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlú ọba. Ogún ọdún wà láàárín méjèèjì. Ọkùnrin tí wọ́n mú ní àkọ́kọ́ ti di sẹ́nétọ̀ nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba nígbà tí wọ́n mú èkejì. Ìjọba yí padà, ẹgbẹ́ òṣèlú yí padà, pápákọ̀ kò yí padà.

*

Ìbò gómìnà Edo tí Oshiomhole dù wáyé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2007, wọ́n sì kéde pé Oserheimen Osunbor ti ẹgbẹ́ PDP ló wọlé. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ti orílẹ̀-èdè pa fún ọjọ́ mẹ́jọ lè pe ọmọ aráyé sí títì. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ni Oshiomhole lọ. Ó di oṣù kẹta ọdún 2008 kí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìbò tó dá a láre, ó di ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá kí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó fi òǹtẹ̀ lù ú. Ọjọ́ kejì ló búra. Ní 2012, ó tún wọlé pẹ̀lú ìbò 477,478, nígbà tí ẹni tó tẹ̀ lé e ní 144,235. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ kan nínú méjìdínlógún tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Olúṣẹ́gun Mímíkò náà gba Oǹdó lọ́nà ilé ẹjọ́ ní oṣù kejì ọdún 2009, lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ òṣèlú Labour. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń pani lẹ́rìn-ín nìyí. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí àwọn òṣìṣẹ́ bí, dókítà ìṣègùn ló kọ́kọ́ gùn ún dé ilé ìjọba. Olórí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, Action Congress ló gbé e wọlé.

*

Ọdún 1952 bí àwọn ọmọ kan ní Áfíríkà. Morgan Tsvangirai ti Zimbabwe ni wọ́n bí ní oṣù kẹta, Oshiomhole ní oṣù kẹrin, Cyril Ramaphosa ti Gúúsù Áfíríkà ní oṣù kọkànlá. Ní 1982, Ramaphosa di akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ àwọn awakùsà, ọdún tí Oshiomhole di akọ̀wé àgbà tirẹ̀. Ní 1999, Tsvangirai dá ẹgbẹ́ òṣèlú MDC sílẹ̀, ọdún tí Oshiomhole di ààrẹ NLC.

Tsvangirai di olórí ìjọba fún ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n ó kú ní 2018 láìjókòó sórí àga ààrẹ. Ramaphosa di olówó, lẹ́yìn náà ó di ààrẹ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 34 ní Marikana, ó wà lára àwọn olùdarí iléeṣẹ́ tó ni ibi ìwakùsà náà. Ìgbìmọ̀ ìwádìí kò di ẹ̀bi rù ú, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò tíì kúrò lẹ́yìn rẹ̀: níjọ́ yẹn, ẹ̀yìn ta lo wà?

Mo máa ń fi àwọn ọmọ 1952 yìí tu ara mi nínú, pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan.

*

Gómìnà ló ń san owó oṣù. Gbólóhùn kékeré yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Ní 2013, àwọn tíṣà ìpínlẹ̀ Edo da iṣẹ́ sílẹ̀ lórí àjẹmọ́nú wọn àti lórí ìdánwò tí ìjọba fẹ́ kí wọ́n ṣe. Oshiomhole ló wà lódìkejì tábìlì. Òun tó mọ gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n fi ń fún ìjọba lọ́rùn, òun ni wọ́n wá ń fi ọgbọ́n náà fún lọ́rùn. Mi ò sọ pé ó jẹ̀bi. Tíṣà tí kò lè ka ìwé níwájú kíláàsì, ọmọ tálákà ló ń jìyà rẹ̀, ọmọ òṣìṣẹ́ náà sì ni. Ṣùgbọ́n bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2016, oṣù díẹ̀ kó tó kúrò, ó kéde pé owó oṣù tó kéré jù ní Edo ti di náírà 25,000. Ti ìjọba àpapọ̀ ṣì wà ní 18,000. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n, kó gbé méjèèjì lé e pa pọ̀: ìyanṣẹ́lódì 2013 àti náírà 7,000 yìí.

*

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, Oshiomhole bá opó kan tó ń tajà lẹ́bàá títì ní Bìní. Obìnrin náà ń bẹ̀ ẹ́ pé opó lòun. Ó ní kó lọ kú. Fídíò gbé e káàkiri ayé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó pè é, ó tọrọ àforíjì, ó fún un ní mílíọ̀nù 2 náírà, ó sì fún un níṣẹ́.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ sínú ìwé mi nìyí: obìnrin náà kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Kò ní akọ̀wé, kò ní káàdì, kò sí ẹni tó lè da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, irú rẹ̀ ni wọ́n. Owó oṣù tó kéré jù kò kàn wọ́n, nítorí kò sí ẹni tó ń san án fún wọn. Fóònù ẹnì kan ló ṣe ẹgbẹ́ fún un lọ́jọ́ náà.

*

Ọ̀rọ̀ yìí kò gùn, ṣùgbọ́n mi ò lè fò ó. Ọláìtán Oyèríndé ti wà nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kó tó di akọ̀wé Gómìnà Oshiomhole ní Bìní. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 2012, wọ́n yìnbọn pa á. Bí a bá ń ka ohun tí òṣèlú fún àwọn kọ́múréèdì, ká má gbàgbé ohun tó gbà lọ́wọ́ wọn.

*

Yorùbá ló ni ọ̀rọ̀ náà “bàbá ìsàlẹ̀”, Edo ló fi eré rẹ̀ hàn wá. Ìlérí tí Oshiomhole fi gba ọkàn àwọn ènìyàn ni pé ẹnì kan, ìbò kan, pé ayé àwọn bàbá ìsàlẹ̀ bíi Tony Anenih ti parí. Ní 2016, ó fa Godwin Obaseki kalẹ̀, ó sì fi ẹnu gún Osagie Ize-Iyamu tó ń bá a du ipò. Nígbà tó di 2020, òun àti Obaseki ti dojú ìjà kọ ara wọn, Ize-Iyamu náà ló sì tún gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè níwájú èrò. Ó sọ fún àwọn ará Edo pé àṣìṣe lòun ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà, òun náà ló fi wọ́lẹ̀ lọ bá a. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì dìbò fún Obaseki. Ẹ̀kọ́ “ẹnì kan, ìbò kan” tó kọ́ wọn, wọ́n mọ̀ ọ́n dunjú.

*

Òṣèlú ìpínlẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tóbi ju wọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ. Alága àpapọ̀ ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, tó ní ọ́fíìsì ní Àbújá, wọ́ọ̀dù kẹwàá ní Etsako West ló kọ́kọ́ kéde pé òun ti dá a dúró. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn l'Àbújá fọwọ́ sí i, kó sì tó tó ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n ti tú gbogbo ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹgbẹ́ náà ká. Àwọn ológun àti ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kò rí i gbé kúrò lórí àga òṣìṣẹ́. Àwọn ará wọ́ọ̀dù rẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ kan ìdí àga rẹ̀.

*

Hassan Sunmonu, ọmọ Òṣogbo, ni ààrẹ NLC àkọ́kọ́, ní 1978. Ní 1981, ó da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì lábẹ́ ìjọba Shagari, owó oṣù tó kéré jù sì di náírà 125. Lẹ́yìn náà, ó lọ ṣe akọ̀wé àgbà fún àjọ àwọn òṣìṣẹ́ gbogbo Áfíríkà ní Accra. Kò du ipò gómìnà. Issa Aremu, ọmọ Ìlọrin, tó gba iṣẹ́ akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ aṣọ híhun lẹ́yìn Oshiomhole, du gómìnà Kwara ní 2019 lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Labour, kò sì wọlé. Ní 2021, wọ́n fi í ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ Imoudu ní Ìlọrin. Ọ̀kan kò sọdá, ọ̀kan gbìyànjú kó sọdá, ọ̀kan sọdá. A ò lè sọ pé ọ̀nà kan péré ló wà.

*

Ẹ wo àtẹ̀gùn owó oṣù tó kéré jù: 125 ní 1981, 5,500 fún òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ àti 7,500 fún tìjọba àpapọ̀ ní 2000 nígbà Oshiomhole, 18,000 ní 2011, 30,000 ní 2019, 70,000 ní 2024. Náírà 125 ti 1981 lé ní dọ́là 200 nígbà náà. 70,000 ti 2024 kò tó dọ́là 50. Àwa rò pé à ń gòkè, àtẹ̀gùn ló ń rì.

*

Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024, tí ilé aṣòfin tí Oshiomhole wà nínú rẹ̀ gbé jáde, ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni kí wọ́n máa tún owó oṣù tó kéré jù yẹ̀ wò, kì í tún ṣe ọdún márùn-ún mọ́. Ọdún mẹ́ta láti 2024 jẹ́ 2027, ọdún ìbò gbogbogbòò. Wọ́n á tún tẹ́ tábìlì l'Àbújá. Ọ̀pọ̀ kọ́múréèdì yóò sọ̀rọ̀, àwọn kan nínú wọn yóò sì ti máa rán aṣọ ìpolongo. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ ní Nyanya ní ìdájí, ẹ má wo aṣọ ọrùn wọn. Ẹ wo àga tí wọ́n jókòó sí, kí ẹ sì ka ìwé tí wọ́n bá fọwọ́ sí.